Yanrìn Mímọ́ Lórí Awọ Tuntun

Ìsọ̀ mi ní àdúgbò Maourey, ní Niamey, kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi gbà á, ohun tí a wò ni pé ó súnmọ́ Grand Marché, ọjà ńlá ìlú, àti pé ẹni tó bá ń ti ọjà bọ̀ yóò rí aṣọ tiwa kó tó rí ti ẹlòmíràn. A kò ro ti oòrùn. Láti ìgbà tí a bá ti kírun alásàrí tán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ojú mi gan-an ni oòrùn máa ń wò. Mo ní láti di ojú mọ́ra kí n tó lè mọ àwọ̀ aṣọ tí mo fẹ́ gé, nítorí n kì í fẹ́ gé aláwọ̀ ewé fún ẹni tó béèrè aláwọ̀ aró. Ọdún ń gorí ọdún, ojú tí mo ń dì mọ́ra kò sì tú mọ́. Ìlà méjì dúró ṣinṣin lókè imú mi. Àwọn tín-ín-rín tàn kálẹ̀ láti ìrù ojú dé ẹ̀bá etí. Méjì mìíràn sì gba ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹnu, wọ́n jinlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ara ọṣẹ.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tí ojú rẹ̀ tún hunjọ báyìí, ohun kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn máa ń rò: inú ń bí i. Àwọn oníbàárà mi tó ń sọ Hausa máa ń pè mí ní mai fushi, ìyẹn onínúfùfù. Wọ́n rò pé n kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan mú aṣọ kan nílẹ̀, ó wo ojú mi, ó rọra dá a padà, ó sì rékọjá títì lọ bá obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ike ní iwájú mi. Ìyá oníke ni gbogbo wa ń pè é. Kò pẹ́ tí òun náà fi rékọjá wá, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

“Ìyàwó Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún àwọn èèyàn. Obìnrin yẹn ní kí ni òun fi ṣẹ̀ yín?”

“Mo rẹ́rìn-ín sí i.”

“Ẹ rẹ́rìn-ín? Apá ibo lẹ fi rẹ́ ẹ sí?”

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Mo dúró níwájú dígí, mo rẹ́rìn-ín, mo sì rí ohun tí ìyá oníke ń wí. Ẹnu mi ń rẹ́rìn-ín, àwọn ìlà méjì òkè imú kò sì mọ̀ sí i.

Oníbàárà mi kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní àdúgbò Plateau, níbí ní Niamey. Ihò tí rorẹ́ fi sílẹ̀ ti ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ṣe, ó wá ra aṣọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì ti ń jọ̀lọ̀. Èmi tí n kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni, mo bi í. Ó ní dókítà awọ ara kan wà nítòsí ibi iṣẹ́ òun, ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní lésà. Iná tín-ín-rín ni ẹ̀rọ náà ń yọ. Iná náà á jó awọ òkè tó ti gbó, awọ tuntun á sì wá láti ìsàlẹ̀. Ó ní wọ́n ń fi ṣe ojú tó hunjọ pẹ̀lú.

N kò lè lọ láìjẹ́ pé mo sọ fún ọkọ mi. Ààfáà ni, ọmọ Ìlọrin. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú nínú ọgbà ilé wa, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo dúró títí tó fi parí àdúà rẹ̀ lórí ẹní.

“Ààfáà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan.”

“Mo ń gbọ́, ìyá wa.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ṣé ẹwà lò ń wá ni? Èmi ò fi ẹjọ́ ojú ẹ sun ẹnì kankan o.”

“Kì í ṣe ẹwà.”

“Kí lo wá fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀?”

“Ìbínú tí mi ò bí.”

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ọkọ mi tó padà sí ọ̀rọ̀ náà, níbi tí a ti ń mu kókó láàárọ̀. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. “Ojú tó ń jẹ́rìí èké mọ́ olúwa rẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ojú ẹ bó, ìyá wa. O mọ ohun tí mo wí nínú wáàsí.”

Mo mọ̀ ọ́n, gbogbo Yorùbá tó wà ní Niamey ló mọ̀ ọ́n. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ó fi odindi wáàsí kan bá àwọn obìnrin tó ń bóra wí, ó sì le débi pé àwọn mìíràn ń fi ìborùn bo ọwọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí. Bí ojú ìyàwó rẹ̀ bá wá di aláwọ̀ méjì, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá lésà ni tàbí ìpara. Wọ́n á ní ohun tí ààfáà ń bá wa wí, inú yàrá rẹ̀ ló wà. Ojú mi nìkan kọ́ ni mo ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ mi wà lára rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ẹ̀yà Zarma ni dókítà náà. Faransé tèmi kò ju ti ilé ìwé girama lọ, nítorí náà Hausa la jọ ń sọ. Ó ń pè mí ní Tántì, bí àwọn ọmọ Niamey ṣe ń pe obìnrin tó bá tó ìyá wọn. Ó fa awọ ojú mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó tan iná sí i.

“Tántì, mi ò lè sọ yín di ọmọge o.”

“Mi ò bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó sọ tẹ̀ lé e kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ní awọ dúdú máa ń bínú sí iná. Bí iná bá le jù, tàbí bí ọgbẹ́ rẹ̀ kò bá jinná dáadáa, àpá dúdú á yọ sí i, ó sì lè pẹ́ kó tó lọ. Nítorí náà, iná kékeré ni òun máa lò, tó ń bọ́ sára bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí awọ tó dá ṣáṣá á wà láàárín ojú kan sí èkejì. Ó ní àsìkò òjò la máa ṣe é, nígbà tí eruku bá rọlẹ̀ tí ìkùukùu sì ń bo oòrùn. Kó tó dìgbà yẹn, ó dán an wò lẹ́yìn etí mi, ó sì fún mi ní ìpara tó ń dènà oòrùn pé kí n máa fi para láràárọ̀. Ẹ̀yìn etí náà jinná, kò dúdú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, wọ́n fi ìpara tó ń mú ara kú tipiri kun ojú mi títí ètè mi fi dà bíi ti ẹlòmíràn. Wọ́n fi ohun kékeré kan bo ẹyin ojú mi. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà, tá, tá, tá, bí iyọ̀ tó bọ́ sínú epo gbígbóná. Òórùn irun tó jóná wọ imú mi. Kò dùn mí bí mo ṣe rò, ó kàn ń gbóná, ó ń ta mí, mo sì ń ka àwọn súrà kéékèèké sínú títí tó fi parí. Nígbà tí wọ́n fún mi ní dígí, ojú mi pọ́n, ó sì wú bí ẹni tí oyin ta.

Dókítà tẹnu mọ́ ìlànà rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kan ojú náà. Omi oníyọ̀ tí òun fún mi ni kí n fi òwú rin, kí n rọra tẹ̀ ẹ́, kí n má fi nù ún. Lẹ́yìn náà kí n fi fasilíìnì bò ó. Èépá tó bá yọ, kí n má ṣí i. Kí n má tẹ orí ba, kó má baà wú sí i. Kí n má sún mọ́ iná ìdáná, kí n má jáde sí oòrùn. Mo tún gbogbo rẹ̀ kà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó jáde. Inú rẹ̀ dùn sí mi.

Nílé, a sọ fún àwọn èèyàn pé ojú ń dùn mí. Ìyá oníke ń bá mi wo ìsọ̀. Ọkọ mi ń se oúnjẹ tí mo lè jẹ láìla ẹnu púpọ̀, ó sì ń gbé e wá sí yàrá fúnra rẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó gbé búútà omi àlùwàlá wá, ó sì rántí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Wọ́n ní kí omi má kàn án.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹni tí kò lè lo omi, ilẹ̀ wà fún un. Dúró.”

Ó pẹ́ kó tó padà dé. Abọ́ funfun kan ló gbé wá, ọ̀kan nínú àwọn tí a kì í lò àfi tí àlejò bá wá. Yanrìn ló wà nínú rẹ̀, ó gbẹ, ó kúnná, ó ń dán. Ó ti fi asẹ́ tuntun jọ̀ ọ́, ó sì ti ṣa gbogbo òkúta inú rẹ̀ kúrò. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún aláboyún. Inú mi dùn gan-an. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu yanrìn náà, mo gbọn ọwọ́, mo rọra fi kan ojú láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi pa ọwọ́, mo sì jókòó kírun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe tàyámọ́mù ní gbogbo ìrun. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa fi fasilíìnì kun ojú bí dókítà ṣe wí.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Lẹ́yìn náà ni àwọn kókó kéékèèké yọ, tí orí wọn funfun, ní iwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi gbóná. Ìlà wo ni mo tún ń rò? Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àpá, àti àwọn obìnrin ọjọ́ Jímọ̀. Ọkọ mi pe takisí, ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà dókítà.

“Tántì, kí lẹ fi kan ojú?”

“Kò sí.”

“Ọṣẹ?”

“Rárá.”

“Òrí ńkọ́? Àtíkè? Àgbo tí ẹnì kan gbé wá?”

“Rárá. Fasilíìnì yín nìkan.”

Ó gbà mí gbọ́, mo rí i pé ìyẹn gan-an ló ń dààmú rẹ̀. Ó fi òwú tútù tẹ iwájú orí mi, ó gbé òwú náà sí abẹ́ iná, ó wò ó pẹ́. Ó tún wo ojú mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Tántì, báwo lẹ ṣe ń kírun?”

“Mo ń jókòó kí i. Ẹ ní kí n má tẹ orí ba.”

“Àlùwàlá ńkọ́?”

“Ẹ ní kí omi má kàn án. Nítorí náà tàyámọ́mù ni mo…”

N kò tíì parí rẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Subuhánálláhì! Yanrìn, Tántì? Lórí awọ yìí?”

“Yanrìn mímọ́ ni. Ààfáà fi asẹ́ jọ̀ ọ́.”

Ó yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó yíjú padà, ó jókòó tì mí. “Tántì, ẹ má bínú. Èmi náà ń kírun. Èmi ló yẹ kí n ti béèrè kí ẹ tó kúrò níbí.”

Ó fọ ojú náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú omi oníyọ̀. Ó fún mi ní oògùn mímu àti ìpara mìíràn. Mo bi í bóyá àpá máa wà. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ó ṣeé ṣe kó wà, ṣùgbọ́n mo tètè wá, ohun tó bá sì yọ, kò ní dúró títí láé bí n bá sá fún oòrùn.

Mo bi ara mi léèrè: ṣé irọ́ ni mo pa fún un? Rárá. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ fún un. Lọ́kàn mi, n kò fi nǹkan kan kan ojú. Ìjọ́sìn ni mo ń ṣe.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi nínú takisí. A délé, ó wọlé lọ mú ìwé tó fi ń kọ́ àwọn àgbà ní òfin ìjọ́sìn, ó ṣí i, ó ń fi ìka tọ ìlà kan. Ó kà á ní Lárúbáwá, ó sì túmọ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí: bí ọgbẹ́ bá wà níbi tí tàyámọ́mù ń kàn, tí kò sì ṣeé fi ọwọ́ kàn rárá, kí èèyàn fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó fi omi fọ ìyókù.

“Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní èyí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi,” ó ní. “Ọwọ́ àgbẹ̀ tí àdá bù ni mo máa ń fojú rí tí mo bá ń kà á. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ojú ìyàwó mi ni.”

“Àwa náà ò pè é ní ọgbẹ́.”

“Kí la pè é?”

“Ìtọ́jú.”

Ó mi orí. Ó gbé abọ́ funfun náà jáde, ó da yanrìn inú rẹ̀ sí ìdí igi dóńgóyárò, ó fọ abọ́ náà, ó dá a padà sí ipò rẹ̀. Láti ìrun tó tẹ̀ lé e, ó ń da omi búútà sí mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, a sì ń fi ojú sílẹ̀.

Àwọn kókó náà gbẹ. Èépá bọ́ fúnra rẹ̀, ó dà bí yanrìn dúdú lórí ìrọ̀rí. Awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, àpá dúdú kan yọ, ó tó ojú ewé ata. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà nígbà tí ìyá oníke ṣílẹ̀kùn yàrá láìkànkùn, ó gbé ọbẹ̀ wá kí mi. Ó dúró, ó wò mí, ó pariwo.

“Yéè! Ìyàwó Ààfáà! Ẹ káàbọ̀ sí ẹgbẹ́ wa!”

“Ẹgbẹ́ wo?”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ sì dúdú bí èédú, bó ṣe wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. “Irú èwo lẹ̀ ń lò? Ti inú ike ni àbí èyí tí wọ́n ń fún jáde? Ẹ ò bá ti bi mí! Èyí tí wọ́n ń fún jáde yẹn kò dáa, òun ló máa ń pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú báyìí.”

“Mi ò bóra. Ilé ìwòsàn ni mo lọ.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Inú rẹ̀ dùn tòótọ́. Kò ní ìkà nínú, ó kàn dùn mọ́ ọn pé òun nìkan kọ́. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá ní Grand Marché ló ti gbọ́.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó má kọ́ wọn lọ́sẹ̀ náà. Kò gbà. Àwọn obìnrin pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo jókòó sínú yàrá, fèrèsé ṣí díẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ọkọ mi jókòó, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́.

“Lónìí,” ó ní, “ọ̀rọ̀ àlùwàlá ẹni tó ní ọgbẹ́ la ó sọ.” Ó ka ìlà yẹn, ó túmọ̀ rẹ̀. Ó wá pa ìwé dé. “Ìyàwó mi lọ tọ́jú ojú rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Èmi ni mo fún un láyè. Dókítà ní kí omi má kàn án, èmi tí mo ń kọ́ yín sì gbé yanrìn fún un, kó máa fi pa awọ tó ti bó. Àpá tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjà dé ibí, ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi èmi.”

Mo ti di etí fèrèsé mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá oníke.

“Ààfáà, ṣé ẹ jọ̀ yanrìn náà kúnná?”

“Mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹ̀rín bú jáde láàárín wọn bí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, mo sì gbọ́ ti ọkọ mi nínú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín nínú yàrá, mo fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, nítorí awọ tuntun náà kò tíì fẹ́ kí n fà á.

Mo padà sí ìsọ̀ nígbà tí dókítà gbà. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Tántì, kí ló dé tí ẹ ò ta nǹkan bo iwájú ìsọ̀ yín?” Ọkọ mi ra tapólì, ó gun àkàsọ̀, ó so ó mọ́ òpó fúnra rẹ̀, ó sì tún un so nígbà tí atẹ́gùn tú u. Nísinsìnyí, mo lè la ojú mi sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí n sì mọ ewé yàtọ̀ sí aró. Àwọn ìlà kò tán. Dókítà ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fúyẹ́ ni, àwọn méjì òkè imú kì í sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí n tó la ẹnu mọ́. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń parẹ́ láti etí wá sí àárín.

Ohun kan ṣoṣo ló yà mí lẹ́nu. Àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà mọ́ mi lọ́wọ́ gan-an.

“Ẹ̀yin lẹ fà á,” ìyá oníke wí láti iwájú. “Ojú àtijọ́ yẹn, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti dínwó níwájú rẹ̀? Ẹ padà lọ bẹ dókítà kó dá ìlà kan padà fún yín.”

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rékọjá wá láìsí ọ̀rọ̀ oníbàárà kankan, láìsí ẹ̀rín. Ó dúró ti àwọn aṣọ, ó ń fi ìka tó dúdú ní oríkèé tọ etí wọn. Ó ní dókítà tèmi yẹn, ṣé ojú nìkan ló ń wò? Mo ní awọ ara ni, ibi yòówù kó wà. Mo sọ fún un pé wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó jáwọ́ nínú ìpara, àti pé kì í ṣe ohun tó ń yá. Ó ní òun mọ̀.

A jọ wọ takisí lọ sí Plateau láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ ìborùn. Nígbà tí a súnmọ́ ibẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Ṣé ó máa bú mi?”

“Kò ní bú yín.”

“Kí ló máa bi mí?”

“Ó máa bi yín bí ẹ ṣe ń kírun.”

Ẹ̀rín pa á títí awakọ̀ fi wo dígí láti wo ohun tó ń ṣe wá. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde lábẹ́ ìborùn, ó gbé wọn lé itan, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe wọlé.